Ìlà Abẹ́ Ọ̀rọ̀ nínú Ìwé Àṣẹ Kọ̀ǹpútà

Nínú ìwé ìlànà Unix tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1971, ọ̀rọ̀ tí a fa ìlà sí lábẹ́ ni òǹlò gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ó ti wà gẹ́lẹ́. Àkámọ́ onígun fi hàn pé ohun inú rẹ̀ kì í ṣe dandan. Àmì ìdánudúró mẹ́ta sì fi hàn pé a lè tún irú ohun tí ó ṣáájú wọn kọ. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí:

ls [-l] orúkọ ...

“ls” ni a ó tẹ̀. “-l” wà fún ẹni tí ó bá fẹ́. Orúkọ fáìlì gan-an ni yóò rọ́pò “orúkọ”. A kì í tẹ àkámọ́ náà fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa tẹ̀ ẹ́.

Ìlà abẹ́ yìí ni ó yẹ kí a bá àwọn òǹtẹ̀wé sọ. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní àmì nísàlẹ̀. Bí ìlà bá bo àmì náà, “ọkọ” di “oko”, kọ̀ǹpútà kò sì ní ṣí fáìlì “ọkọ” fún ẹni tí ó tẹ “oko”. Nínú ìwé Unix ti ọdún 1979, lẹ́tà dúdú tí ó nípọn ti gba ipò ìlà náà. Òun ni àwa náà fara mọ́ fún ìwé Yorùbá. Kí olùdánwò má sì ṣe yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tí ìlà abẹ́ inú ìbéèrè bá ṣì lọ́nà.