Kí Ni Àgbà Fi Àkísà Ṣe?

Ọmọdé lè láṣọ tó àgbà, ṣùgbọ́n kò lè ní àkísà tó àgbà.

Bí wọ́n bá pa òwe yìí níbi ìpàdé ẹbí, gbogbo ènìyàn a mi orí, ọ̀rọ̀ a sì tán. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ ti gba ìbáwí tirẹ̀ nìyẹn. Ìtumọ̀ tí a mọ̀ mọ́ òwe náà kò ṣòro: owó ló ń ra aṣọ, ọjọ́ ló ń sọ aṣọ di àkísà, ẹni tó bá sì ti pẹ́ láyé ni ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Mi ò bá ìtumọ̀ yìí jà. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí mo sì sọ àkísà di eré ọwọ́ mi ní Ìlódè, ní Ifẹ̀ níbí, mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú òwe náà tí a máa ń fò dá. Òwe kò sọ pé ọmọdé kò lè wọ aṣọ gbó bí àgbà. Ó ní kò lè ní àkísà tó àgbà. “Ní” yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Kò sí àgbà tí kò wọ aṣọ gbó rí, ṣùgbọ́n àgbà tó ní àkísà nílé kò wọ́pọ̀. Àwọn yòókù ti fi tiwọn nulẹ̀, wọ́n ti fi gbé ìkòkò gbígbóná kalẹ̀, wọ́n ti gbàgbé.

Iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí kò ní orúkọ pàtó lẹ́nu wa. Òyìnbó ń pè é ní quilt. Èmi ń pè é ní aṣọ ìbora alábùlẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní “aṣọ àkísà Màmá”, tiwọn ló sì borí. A ó gé aṣọ sí wẹ́wẹ́ lọ́gbọọgba, a ó rán wọn pọ̀ títí wọn yóò fi di odidi, a ó tẹ́ ìpele kejì sábẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀kẹta sẹ́yìn, a ó wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ jákèjádò kí wọ́n má baà yẹ̀ lára wọn. Ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, òwú nínípọn ni wọ́n ń fi sáàárín. Ta ni yóò bo òwú nínípọn ní Ifẹ̀? Ìró tó ti ṣá, tó ti rọ̀, ni mò ń fi sáàárín tèmi, ó sì tó fún ọyẹ́.

Páálí mílíìkì ni mo fi gé ìwọ̀n mi, íǹṣì márùn-ún ní ìbú, márùn-ún ní òró. Bí mo bá rán an tán, ègé kọ̀ọ̀kan á ku mẹ́rin àti ààbọ̀, nítorí ìdá mẹ́rin íǹṣì ni mò ń yọ̀ǹda fún ojú ìrán ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú òwú méjì péré lórí ègé kan, tí ègé bá pé ogún lórí ìlà, ìlà náà kò ní bá èkejì dọ́gba mọ́, aṣọ á sì yọkùn bí ẹni tó jẹ ẹ̀wà jù. Mo ti tú irú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ Butterfly ọlọ́wọ́ tí ìyá mi lò ni mo ṣì ń yí títí dòní, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Ní Ìlódè, ní àdúgbò tí Ọbalọ́ràn ń ṣe olórí fún, ènìyàn kò lè rìn jìnnà kó má gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ gba àgékù lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ránṣọ nítòsí wa. Inú àpò ìrẹsì ló ń kó tèmi sí.

“Màmá, ẹ wá wo ẹrù yín. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ dà á nù lánàá, mo ní kí wọ́n dúró.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Èwo ni ti ìyàwó ọ̀sẹ̀ tó kọjá nínú wọn?”

“Aláwọ̀ omi aró yẹn ni, mà.”

Bí kì í bá ṣe pé mo ń gbà á, inú gọ́tà ni ì bá bọ́ sí, òjò kan ṣoṣo ni ì bá sì fi dí ojú omi. Síbẹ̀, àgékù kì í ṣe àkísà, ẹ má jẹ́ kí n tan yín. Àgékù jẹ́ aṣọ tí ara ènìyàn kò tíì kàn. Ó ní àwọ̀, ó sì ń dán, ó dára láti fi kún ibi tó bá ṣófo. Àkísà ní ẹni tó wọ̀ ọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ayé ìsinsìnyí rò pé àwọn ti já òwe yìí. Wọ́n ń ra ṣòkòtò jíǹsì tí wọ́n ti ya lórúnkún láti ibi tí wọ́n ti rán an, owó rẹ̀ sì lè ju ti èyí tí kò ya lọ. Ọmọ ọmọ mi kan wọ ọ̀kan wálé. Mo mú abẹ́rẹ́ kí n bá a lẹ̀ ẹ́, ó figbe ta. Ṣé ọmọdé ti wá ra àkísà lọ́jà nìyẹn? Rárá o. Aṣọ tuntun tó ní ihò ló rà.

Òwe mìíràn wà tó yẹ kó máa tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í pa á tó bẹ́ẹ̀ mọ́: abùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́, ẹni tí kò tọ́jú abùlẹ̀ yóò ṣe ara rẹ̀ lófò aṣọ. Ẹ kíyè sí i pé “tọ́jú” ló wà níhìn-ín, bí “ní” ṣe wà lọ́hùn-ún. Àwọn tó pa òwe méjèèjì mọ ohun tí àpótí aṣọ ń jẹ́. Ojú tì wá láti lẹ abùlẹ̀ nígbà tí aṣọ òkìríkà kúnlẹ̀, tí aṣọ ẹbí sì ń tẹ̀ lé ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú tiwa, tálákà nìkan ló ń lẹ aṣọ. Bẹ́ẹ̀, aṣọ tí a ń fi yangàn jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, aṣọ tí a kò rán pọ̀ kò sí nínú wọn. Aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìṣẹ́yìn, ọ̀já tóóró tí kò ju nǹkan bí íǹṣì mẹ́rin lọ ní ń bọ́ lórí òfì; télọ̀ ló ń fi etí so etí títí yóò fi di agbádá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ náà, aṣọ méjì ni wọ́n so pọ̀ kí ó tó di ìró kan. Ẹ sì wo àrà Ìbàdàndùn lára àdìrẹ náà, bí wọ́n ṣe pín ojú aṣọ náà sí yàrá yàrá, tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn wà nínú ọ̀kan lára wọn pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Màpó, nítorí náà a mọ̀ pé àrà yẹn kò lè dàgbà ju gbọ̀ngàn náà lọ. Nípa eégún alábala, bóyá kí n má sọ púpọ̀, nítorí obìnrin kì í mọ awo. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí lójú agbo ni mo rí: àwọn ọmọ ilé a máa fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́, ti àtijọ́ a sì wà nínú, kò lọ síbì kankan.

Họ́lídè gígùn oṣù kẹjọ ni ìgbà ìrìn àjò mi, nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ bá dé. Abẹ́òkúta ni a kọ́kọ́ ń lọ, ní ọjà Ìtókù, níbi tí mo ti ra àdìrẹ aláró dúdú kan lọ́dún kan. Ojúkòkòrò kò jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ kí n tó gé e. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, mo parí aṣọ, mo rẹ ẹ́ sómi. Nígbà tí mo padà wá wò ó, gbogbo funfun ti di àwọ̀ ojú sánmà tó fẹ́ rọ̀jò. Aró tí kò tíì wọ inú òwú dáadáa, orí aṣọ ló jókòó sí. Omi àkọ́kọ́ á sì gbé e fún aládùúgbò. Láti ìgbà náà, mo ń ṣan àdìrẹ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kí n tó fi àlùmọ́gàjí kàn án.

Ìrìn àjò tó jìnnà jù ni ti Abomey ní Benin, níbi tí ààfin àwọn ọba Dàhómì wà, èyí tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé láti ọdún 1985. Ìdílé Yemadje ló lókìkí níbẹ̀ nínú iṣẹ́ rírán àwòrán mọ́ aṣọ. Wọn kì í gé tiwọn ní igun mẹ́rin bíi tèmi. Wọ́n á gé àwòrán ẹranko tàbí ti ọkọ̀ láti ara aṣọ pupa, ewéko tàbí funfun, wọ́n á ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú, wọ́n á sì rán an mọ́ ara aṣọ ńlá. Ọba kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ti Agaja, kìnnìún ni ti Glele, ẹfọ̀n ni ti Ghezo. Mo dúró níwájú ẹfọ̀n náà, mo rẹ́rìn-ín sínú. Ghezo yìí ni ọmọ ogun rẹ̀ wá ká Abẹ́òkúta mọ́lé ní 1851, tí àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Aṣọ náà kò sọ ìyẹn. Àkísà onílé kì í tú àṣírí onílé.

Àwọn tí wọ́n kó lọ lẹ́rú láti etí òkun wa yìí, ọmọ wọn ń rán ègé aṣọ pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Harriet Powers ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 1837. Nígbà tó di 1886, ó gbé aṣọ kan tó fi ègé aṣọ ya ìtàn Bíbélì sí lọ síbi àfihàn kan nílùú Athens. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan, Jennie Smith, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, fẹ́ rà á, Harriet kọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan nǹkan le, Harriet fúnra rẹ̀ gbé e wá, ó ní dọ́là mẹ́wàá. Márùn-ún ló gbà. Kó tó fi í sílẹ̀, ó tọ́ka sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé rẹ̀, Smith sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń padà wá bẹ aṣọ rẹ̀ wò. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ọwọ́ Dàhómì ló hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi náà, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹnikẹ́ni búra lé e. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ni aṣọ náà wà báyìí, àlàyé rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Missouri Pettway ńkọ́, ní Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama? Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ní 1942, ó kó aṣọ iṣẹ́ oko ọkọ náà jọ, ó gé e, ó rán an di ìbora, kí ó lè máa rántí rẹ̀, kí ó sì máa rí ìfẹ́ fi bo ara. Orúnkún ṣòkòtò tó ti ṣá ṣì hàn lára rẹ̀. Kò sí ọmọ ogún ọdún tó lè rán irú rẹ̀, bó ti wù kó mọ abẹ́rẹ́ lò tó.

Bí mo bá ti ìrìn àjò dé, ajá mi Tanímọ̀la ló ń kọ́kọ́ pàdé mi. Kò rìn jìnnà sí ilé, pàápàá bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá ti sún mọ́lé, nítorí a mọ ohun tí Ògún ń jẹ ní Òkè Mògún. Ológbò mi ni kò bìkítà fún àlejò tàbí onílé. Orí aṣọ tí mo bá ń rán lọ́wọ́ ló ń sùn, bí mo bá sì tẹ́ ègé sílẹ̀ láti to àwọ̀, àárín gan-an ló ń yàn. Inú agolo olómorí ni gbogbo abẹ́rẹ́ àti òwú mi ń gbé, nítorí ológbò a máa gbé òwú mì, abẹ́rẹ́ a sì máa tẹ̀ lé e.

Èyí tí mò ń rán báyìí, aṣọ ilé wa ni gbogbo rẹ̀. Kakí bàbá mi wà nínú rẹ̀, apá ibi tí bíírò ti jò sí àpò. Àǹkárá tí a fi sìnkú ìyá bàbá mi wà níbẹ̀, àti léèsì ìgbéyàwó àbúrò mi, tí mo ní láti fi aṣọ mìíràn tẹ̀ lábẹ́ nítorí ihò ara rẹ̀. Mo kọ orúkọ ẹni tó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ègé ìwé, mo fi pín-ìn mú un mọ́ aṣọ náà. Ìsàlẹ̀ àpótí ìyá mi ni mo ti bá ègé sányán kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí wọ́n ká sínú ìborùn funfun. Ọwọ́ ẹni tó ká a kò ṣe é bí ohun àdànù. Mi ò mọ ta ló wọ̀ ọ́, mi ò mọ ọjọ́ wo, ìyá mi sì ti lọ. Ìwé tirẹ̀ nìkan ni kò ní orúkọ. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí àpótí wọn níṣojú wọn, kí ẹ bi wọ́n léèrè.