Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Bí pick-up tòkunbọ̀ ṣe di irinṣẹ́ oníṣòwò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà

Ní ọjà ọkọ̀ Berger, lẹ́bàá òpópónà Apápá sí Òṣòdì nílùú Èkó, ẹni tó fẹ́ ra pick-up kì í sábà dá wá. Mẹkáníìkì rẹ̀ ló máa ń mú lọ́wọ́. Bí olówó ṣe ń wo ọ̀dà tó ń dán lára ọkọ̀, mẹkáníìkì ti dọ̀bálẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe torí fáàrí ni wọ́n ṣe ń ra irú ọkọ̀ yìí. Ẹni tó ń kó tòmátì láti oko, bíríkìlà tó ń gbé sìmẹ́ǹtì àti pákó, alápatà tó ń kó ewúrẹ́ bọ̀ láti ọjà, gbogbo wọn ló nílò ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù. Owó àjọ ni ẹlòmíràn fi ń rà á, ẹlòmíràn sì yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá kọṣẹ́ láàárín oṣù méjì, iṣẹ́ á dúró, ṣùgbọ́n gbèsè kò ní dúró.

Báwo wá ni Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe di ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò gbó ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń bẹ̀rẹ̀? Ìtàn náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú pópó gan-an ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí Nàìjíríà yí ọwọ́ ọ̀nà padà

Títí di ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni àwọn awakọ̀ ní Nàìjíríà ń gbà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń wá. Bedford, Morris àti Austin ló gbòde. Orí Bedford ni àwọn káfíńtà sì ti ń kan pákó tó di bọ́lẹ̀kájà, tó ń kó èrò àti ẹrù pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo orílẹ̀-èdè tó yí Nàìjíríà ká ń gbà: Dahomey tó di Benin lónìí, Niger, Chad àti Cameroon. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà náà kúrò ní ọwọ́ òsì. Ghana ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974.

Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ òun ló pinnu ibi tí àlòkù ọkọ̀ yóò ti máa wá lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan, kò bá ojú pópó mu mọ́. Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì, Faransé, Netherlands àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ní èyí tó bá a mu.

Kaduna àti ayé Peugeot

Nígbà náà, kò sẹ́ni tó rò pé àlòkù ni aráàlú yóò máa rà. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì fẹ́ kí wọ́n máa to ọkọ̀ pọ̀ nílé. Wọ́n bá ilé iṣẹ́ Peugeot ti Faransé tọwọ́ bọ̀wé ní ọdún 1972. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ṣí ní Kaduna, ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú Èkó.

Peugeot 504, tó kọ́kọ́ jáde ní Faransé lọ́dún 1968, di ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọkọ̀ èrò láti ìlú dé ìlú. Ní ti àwọn tó ń kó ẹrù, Peugeot 404 tó ní ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tó di 1979, Peugeot gbé pick-up 504 jáde. Ó ga nílẹ̀, sìpíríìnì pẹlẹbẹ alágbára ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè gbé ẹrù bíi tọ́ọ̀nù kan. Kò ní wáyà àti kọ̀ǹpútà tó ń díjú mọ́ mẹkáníìkì. Bí ó bá bàjẹ́ ní ìgbèríko, ẹni tó ní sípánà díẹ̀ lè tún un ṣe lábẹ́ igi.

Kárí agbègbè náà ni pick-up ti ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn Hausa ń pè é ní a-kori-kura. Ní Burkina Faso àti Mali, bâchée ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nítorí tápólì tí wọ́n máa ń ta bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó bá kó èrò. Datsun àti Toyota Hilux láti Japan náà kò gbẹ́yìn. Ọdún 1968 yẹn kan náà ni Hilux jáde.

SAP dé, tòkunbọ̀ gba ọjà

Ní ọdún 1980, naira kan ju dọ́là kan lọ. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ pọ̀ nílé kò rí owó ilẹ̀ òkèèrè tó láti fi kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọlé, nítorí pé òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà náà ti ń wá.

Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP jáde, wọ́n sì fi naira sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ lé e. Ní 1987, ó ti di naira bíi mẹ́rin sí dọ́là kan. Ọkọ̀ tuntun tí olùkọ́ tàbí akọ̀wé lè rà tẹ́lẹ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni àlòkù ti gba ọjà. Yorùbá ló fún un lórúkọ. Tòkunbọ̀ ni à ń pe ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí wọ́n wá gbé wálé. Ọkọ̀ tó ti òkun bọ̀ náà gba orúkọ yẹn, orúkọ náà sì kọjá ilẹ̀ Yorùbá. Lónìí, ará Kano àti ará Onitsha ń pe ọkọ̀ àlòkù ní tokunbo láì rò ó pé orúkọ ọmọ ni.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó CFA, ọdún 1994 ni tiwọn dé. Ní oṣù Kíní ọdún náà, wọ́n gé iye CFA sí ìdajì. Faransi Faransé kan tí wọ́n ń fi CFA 50 rà di CFA 100. Ohun tó bá ti Faransé wá di ìlọ́po méjì ní ọ̀sán kan, ọkọ̀ tuntun sì wà lára rẹ̀.

Láti Brussels dé Kútọnu

Òwò náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Brussels, olú ìlú Bẹ́ljíọ̀mù, òpópónà Heyvaert di ojúkò àwọn tó ń ra àlòkù ọkọ̀ fún Áfíríkà. Àwọn ará Lebanon àti àwọn ọmọ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú òwò náà. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ á lọ sí èbúté Antwerp, á wọ ọkọ̀ ojú omi, á sì gúnlẹ̀ sí Kútọnu, Lomé tàbí Èkó.

Kútọnu ló jèrè jù nínú òwò yìí. Owó orí ọkọ̀ kò wọ́n níbẹ̀ bíi ti Nàìjíríà, ibodè kò sì jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n ń lọ. Àwọn kan gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdíìrókò, wọ́n sì sanwó aṣọ́bodè. Àwọn mìíràn gba inú igbó lóru. Fàyàwọ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Òfo tó wà nínú fàyàwọ́ kì í tán lára ẹni tó kó ọkọ̀ wọlé. Olùrà ló máa ń gbé e. Ẹni tó ra ọkọ̀ tí kò níwèé lè fi owó rẹ̀ ra á tán, kí àwọn aṣọ́bodè sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Kí ló dé tí Toyota fi ń gba Amẹ́ríkà wá?

Bí Peugeot ṣe ń gbó lọ, Toyota gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Hilux nìkan ló wà ní ọjà tòkunbọ̀. Tacoma, tó jọ ọ́ bí àbúrò, pọ̀ níbẹ̀ náà. Ìjà lórí ẹran adìẹ wà lára ohun tó fà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960s, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan bu owó orí gọbọi lé adìẹ tó ń wá láti Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà gbẹ̀san. Láti 1964, ó bu ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọkọ̀ kékeré akẹ́rù tó bá ti òkèèrè wá. Ìjà adìẹ ti di ìtàn, àmọ́ owó orí náà kò kúrò. Ní 1995, Toyota gbé Tacoma jáde fún ọjà Amẹ́ríkà, California ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà bá lò ó tán, sítíárìn rẹ̀ ti wà lápá tí Nàìjíríà ń fẹ́.

Ìjọba ti ilẹ̀kùn, ọjà gba fèrèsé

Ìjọba Nàìjíríà kò jókòó tẹtẹrẹ. Ní 2013, ìjọba Goodluck Jonathan gbé ètò tuntun jáde láti jí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ nílé. Owó orí àti owó ìtanràn lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti òkèèrè gòkè dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Kàkà kí òwò Kútọnu kú, àlòkù tó ń gba ibodè wá ni ọ̀pọ̀ tẹjú mọ́.

Láti ọjọ́ kíní ọdún 2017, ìjọba Muhammadu Buhari fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti àwọn ibodè náà pa fún ẹrù, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Kútọnu jẹ ìyà rẹ̀. Oníṣòwò tó nílò pick-up ní Nàìjíríà jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹrù rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera náà wà níbẹ̀. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 àlòkù ọkọ̀ kékeré ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sí òkèèrè láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tú èéfín burúkú. Lọ́dún kan náà, ECOWAS fẹnu kò pé ọkọ̀ kékeré tó bá wọlé kò gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ, wọ́n sì fún àwọn orílẹ̀-èdè ní àsìkò láti múra sílẹ̀.

Àmọ́ ta ni yóò rí owó ra ọkọ̀ ọlọ́dún márùn-ún? Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba Bola Tinubu tún ti fi naira sílẹ̀ fún ọjà, tòkunbọ̀ pàápàá ti ju agbára ọ̀pọ̀ lọ. Àwọn kan ti padà sí àlòkù abẹ́lé, èyí tí ará Nàìjíríà ti lò kó tó dé ọwọ́ wọn.

Ìtàn tó wà lábẹ́ ọkọ̀

Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì fi ń wọ abẹ́ ọkọ̀ ní Berger. Bí dípẹtà bá ti jẹ ṣásíì, ọkọ̀ náà ti rìn lórí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú pópó nígbà yìnyín ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Bí ẹrẹ̀ bá wà nínú ihò ìgbànú ìjókòó, tí kápẹ́ẹ̀tì sì ń rùn, ó ṣeé ṣe kí omíyalé ti gbé e rí. Bí wọ́n bá ti fi iná jó ṣásíì pọ̀, ó ti ní ìjàǹbá tàbí kí ẹrù ti ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn.

Nọ́ńbà ṣásíì náà ń sọ̀rọ̀. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Bí J bá ṣáájú, Japan ni wọ́n ti ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. VF jẹ́ ti Faransé. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún ọkọ̀ náà, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á ì báà sọ. Bí nọ́ńbà ara ọkọ̀ kò bá bá ti ìwé aṣọ́bodè mu, kí olùrà dì owó rẹ̀ mú ló dára jù.

Láàárín àádọ́ta ọdún, ilé iṣẹ́ ti ṣí, ó sì ti dákẹ́. Naira ti já, ibodè ti tì, ó sì tún ṣí. Kò sí èyí tó dá oníṣòwò dúró láti wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù rẹ̀ dé ọjà, nítorí ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí òfin kò tíì fún un ni ìdánilójú pé ọkọ̀ tó rà yóò gbé e dé ibẹ̀. Títí di ìgbà náà, ojú mẹkáníìkì ló kù tó gbẹ́kẹ̀ lé.