Láti Àpótí Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Íápíìsì Inú Etí

 

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá mi délé ní Akóbọ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí mo kọ́kọ́ rò pé kò tó nǹkan. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, íápíìsì wo ni kí n rà? Owó ọwọ́ mi kò ju ₦3,000 lọ, mo sì fẹ́ fi ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí mo ká sílẹ̀." Mo ti fẹ́ sọ fún un pé kí ó ra èyíkéyìí tí ó bá rí, nígbà tí mo rántí ohun tí irú íápíìsì bẹ́ẹ̀ fi ojú èmi alára rí. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ṣùgbọ́n n óò gba ọ̀nà ìtàn débẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ohùn olówó pọ́ọ́kú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn.

Ní ọdún 1935 ni ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò káàkiri ilé ní Èkó. Ètò náà dé Ìbàdàn ní 1939. Rediffusion ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ohun tí ó wà nínú ilé oníbàárà kì í ṣe rédíò gan-an. Àpótí kan ni, tí gbohùngbohùn kékeré wà nínú rẹ̀, tí wáyà sì so ó mọ́ ilé-iṣẹ́. Ènìyàn lè mú ohùn rẹ̀ lọ sókè tàbí kí ó mú un wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Ohun tí wọ́n bá gbé wá lórí wáyà, tí púpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, ni gbogbo ilé yóò gbọ́. Owó oṣooṣù ni wọ́n ń san fún un, ó sì rọrùn fún akọ̀wé àti olùkọ́ láti san ju kí wọ́n ra odindi rédíò lọ.

Orúkọ tí àwọn bàbá wa ń pe irú ẹ̀rọ yìí ni asọ̀rọ̀mágbèsì: a-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Mo fẹ́ràn orúkọ yìí púpọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀sùn sì ni pẹ̀lú, nítorí pé láàárín Yorùbá, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fèsì kò ní ìwà ọmọlúàbí tó. Ẹ kíyè sí i pé íápíìsì kò rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbà. Èrò tèmi ni pé ojú gbogbo ayé ni asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń ṣe tirẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín àgbà àti ọmọdé, nítorí náà gbogbo ayé ló jọ sọ ọ́ lórúkọ. Inú etí ẹnì kan ṣoṣo ni íápíìsì ń gbé. Ta ni yóò sọ ọ́ lórúkọ?

Báwo ni ohùn àpótí náà ṣe lè dára tó? Ohùn ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbohùngbohùn kékeré kò lágbára láti gbé irú ìró bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa. Tẹlifóònù àtijọ́ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kì í gbé ìró tó wà lábẹ́ 300 kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé èyí tó ju 3,400 lọ. Síbẹ̀ a ń sọ Yorùbá lórí rẹ̀, a sì ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Kí ló fà á? Ìró ohùn kì í dá rìn. Bí ohùn kan bá ń gbọ̀n ní ìgbà 120, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ yóò máa gbọ̀n ní 240, ní 360, ní 480, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ gbé ọ̀gá wọn jáde, ọpọlọ yóò gbọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn, yóò sì fi wọ́n mọ ibi tí ọ̀gá wà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí àwọn ẹmẹ̀wà tí a sì mọ̀ pé ọba kò jìnnà.

Nítorí náà, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín kì í tètè sọnù nínú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú. Abájọ tí ìlù Yorùbá fi di àmì ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà, tí tẹrú-tọmọ sì mọ̀ ọ́n lórí rédíò tó gbó jù lọ, tí oníkálùkù ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀ sí i lẹ́nu. Kọ́ńsónáǹtì ni ẹ̀rọ tí kò dára ń jí gbé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní 1954 ni wọ́n kọ́kọ́ ta rédíò tìránsísítọ̀ tó wọ inú àpò ẹ̀wù ní Amẹ́ríkà, Regency TR-1 ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni rédíò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ń tẹ̀lé ènìyàn lọ sóko àti sọ́jà. Bàbá mi ní ọ̀kan tí ó ní íápíìsì ẹlẹ́tí kan, tí ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹ̀fọn tó há sínú agolo. Mi ò mọ ìdí tí bàbá fi ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin títí di ọdún 1996. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n pa Kudirat Abíọ́lá ní Èkó, lẹ́yìn náà ni rédíò àwọn tí ń tako ìjọba ológun, Radio Kudirat, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí ìgbì kúkúrú. Ní alẹ́, bàbá yóò pa iná, yóò ki íápíìsì bọ etí ọ̀tún, yóò sì máa fi ọwọ́ bo etí òsì. Àwa ọmọ kò gbọ́ nǹkan kan. Aládùúgbò náà kò gbọ́. Bí ẹ bá ní kí n díye lé íápíìsì yẹn nípa ohùn rẹ̀, n óò ní kò níye lórí rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá rà kì í ṣe ohùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 1979, ilé-iṣẹ́ Sony ti Japan gbé Walkman àkọ́kọ́ jáde. Ihò íápíìsì méjì ni wọ́n lu sí i, bọ́tìnì kan sì wà lára rẹ̀ tí àwọn méjì tí ń gbọ́ orin lè tẹ̀ kí wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ló rò pé ìwà àfojúdi ni kí ẹnì kan dá jókòó kí ó máa dá gbọ́ orin. (Bí mo bá sọ pé ọkùnrin náà ní ẹ̀jẹ̀ Yorùbá lára, ṣé ẹ óò bá mi jà?) Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ihò kejì kúrò. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti dá gbọ́.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà, ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni Apple ṣe iPod pẹ̀lú íápíìsì funfun rẹ̀. iPod kò kan ọ̀pọ̀ wa. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ní rédíò FM ló kàn wá, nítorí pé okùn íápíìsì ni fóònù náà ń lò bí ẹ́ríà: bí o bá fà á yọ, rédíò yóò pa ẹnu dé. Mo mọ ọlọ́kọ̀ Micra kan tí etí méjèèjì íápíìsì rẹ̀ ti já, tí ó sì ń fi okùn lásán gbọ́ Amúlùdùn 99.1 láti Mọ́níyà. Báyìí ni íápíìsì ṣe di ohun tí gbogbo ènìyàn ní, tí wọ́n ń tà á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀ bí ẹni ń ta gúgúrú.

Irú rẹ̀ ni mo rà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ní ₦500. Mo ti ká oríkì ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ní Òjé, mo sì fẹ́ ṣe àdàkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo ṣ, s ni ọmọ Ìbàdàn ìbílẹ̀ máa ń lò: isu fún iṣu, isẹ́ fún iṣẹ́. Ohun tí mo ń wá nínú ohùn ìyá náà gan-an nìyẹn. Mo fi íápíìsì yẹn gbọ́ ọ, mo sì kọ ṣ sílẹ̀ ní ojú-ewé mẹ́fà. Inú mi dùn. Mo lọ ka ìwé níbi àpéjọ kan, mo ní kódà àwọn àgbà Ìbàdàn ti ń gba ṣ wọlé. Àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan rọra dìde, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn ìyá náà. Wọ́n so kọ̀ǹpútà mi mọ́ gbohùngbohùn inú gbọ̀ngàn. S ni ìyá ń sọ, kedere, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò jẹun ọ̀sán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Agbára ṣ pọ̀ jù ní nǹkan bí 2,500 sí 4,000. Agbára s wà lókè, láti nǹkan bí 5,000 títí kọjá 8,000. Íápíìsì ₦500 náà ń gbé béèsì bí ẹni ń gún iyán, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ohunkóhun tó wà lókè 4,000 jáde. Èémí lásán ló kù níbi tí s wà. Èmi tí mo ti ka ìwé jù ni mo fi ṣ tí mo kọ́ nílé ìwé dí àlàfo náà. Ẹ̀rọ ló ji kọ́ńsónáǹtì, èmi ni mo fi èyí tí kì í ṣe ti ìyá rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè, a jọ lọ sí agbègbè Queen Cinema, níbi tí àwọn onífóònù pọ̀ sí. A ra aláìlórúkọ kan ní ₦1,000, a ra èyí tó ní páálí ní ₦3,000, mo sì mú tèmi tí mo rà ní ₦15,000 dání. A kò gbọ́ orin fújì, nítorí pé béèsì fújì máa ń jẹ́ kí gbogbo íápíìsì dára létí. Ewì Ọlánrewájú Adépọ̀jù ni a kọ́kọ́ gbọ́, nítorí pé ohùn ènìyàn ló gbé e ró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a gbọ́ dùndún, a sì fi ohùn ìyá Òjé kádìí rẹ̀.

Lórí dùndún, gbogbo wọn yege. Lórí ewì, aláìlórúkọ jẹ́ kí akéwì dàbí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Lórí ohùn ìyá, ó kùnà pátápátá. Èyí tó jẹ́ ₦3,000 ni ó yà mí lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀, s rẹ̀ ń ta etí bí ata, ṣùgbọ́n s ni, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ṣ. Ti ₦15,000 dùn jù ú lọ, mo lè gbọ́ bí ìyá ṣe ń fa èémí kí ó tó ki oríkì. Síbẹ̀ kò dùn jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Fún iṣẹ́ àdàkọ, owó tó wà láàárín ₦1,000 àti ₦3,000 ni owó tó ṣe pàtàkì jù lọ. Èyí tó kù, fàájì ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣàròyé pé kò sí béèsì nínú tirẹ̀. Mo wo etí rẹ̀: rọ́bà tó wà lẹ́nu íápíìsì náà kéré jù fún ihò etí rẹ̀. A pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó tóbi nínú páálí, béèsì sì dé. Íápíìsì inú etí tí kò bá dí ihò etí dáadáa kò lè gbé ìró ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ariwo Micra yóò máa wọlé, ènìyàn yóò sì máa yí ohùn sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà má gbọ́ ohùn tó tó désíbẹ́lì 80 ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Àwọn ọmọ Agbowó tí mo ń gbọ́ orin etí wọn láti òdìkejì títì ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Ní ti pípẹ́, kí n má purọ́, kò sí èyí tó pẹ́ nínú wọn. Ìdí okùn, níbi tó ti wọ fóònù, ni yóò kọ́kọ́ já. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lè jó o padà bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ ká ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé: ó sá, ó ṣá; ó sán, ó ṣán. Ẹ gbọ́ ọ níwájú ẹni tí ń tà á. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi mú ti ₦3,000 lọ. Ìyá Òjé ti dolóògbé láti ọdún 2019, ohùn tí mo ká sílẹ̀ yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ mi nínú oríkì rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ àdàkọ náà lákọ̀tun. Mo ti dé ojú-ewé kẹrin, mo sì ń kọ s.

Ó dìgbà kan ná.