Ọ̀nà Márosẹ̀ Ló Yan Alùpùpù

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1959, Ernest Marples, mínísítà ètò ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí apá àkọ́kọ́ ọ̀nà M1, láti ẹ̀bá Watford ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù títí dé Crick. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1958, Harold Macmillan ti kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà tó yí ìlú Preston ká, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ náà, àmọ́ ìyẹn kò ju nǹkan bíi máìlì 8 lọ. M1 ni ọ̀nà tí ènìyàn kọ́kọ́ lè gùn fún wákàtí gbáko láìrí oríta, láìrí iná ojú pópó, láìrí abúlé tí yóò mú un dẹ eré. Kò tilẹ̀ sí òfin tó díwọ̀n eré níbẹ̀ nígbà náà. Ìgbẹ̀yìn ọdún 1965 ni ìjọba tó dán òpin máìlì 70 láàárín wákàtí kan wò, tí wọ́n sì sọ ọ́ di òfin títí ayé ní 1967. A máa ń gbọ́ ohun tí ọ̀nà yìí ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ohun tó ṣe sí alùpùpù kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ sísọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣe sí i pọ̀. Èrò mi ni pé ọ̀nà márosẹ̀, àti àwọn tó ń gba orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ló dá ẹjọ́ ilé iṣẹ́ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹjọ́ náà dá lé: alùpùpù wo ló lè gbé ènìyàn lọ sí ọ̀nà jíjìn lónìí, kó gbé e padà, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la àti lọ́tùn-únla, tí ẹ̀rọ kò ní bàjẹ́, tí ara ẹni tó gùn ún kò sì ní wó?

Ẹ jẹ́ ká wo irú ẹ̀rọ tó pọ̀ lójú pópó nígbà yẹn. Ní 1937, Edward Turner ti ilé iṣẹ́ Triumph gbé Speed Twin jáde, alùpùpù 500cc tí síláńdà rẹ̀ méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí písítìnì méjèèjì ń gòkè pọ̀ tí wọ́n sì ń sọ̀ pọ̀. Ó fúyẹ́, kò gbówó lórí púpọ̀ láti ṣe, ìró rẹ̀ sì dùn mọ́ etí. Kò pẹ́ tí BSA, Norton, Royal Enfield àti àwọn yòókù fi tẹ̀lé ìlànà yìí. Fún ojú ọ̀nà ayé ìgbà náà, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Birmingham ń la ìlú kan kọjá bọ́ sí òmíràn. Ó ń dẹ eré, ó ń dúró, ó tún ń gbéra. Nínú gbogbo ìdúró wọ̀nyí ni ẹ́ńjìnnì ti ń sinmi. Lórí M1, ìsinmi tán. Bí písítìnì méjì bá ń gòkè pọ̀, kò sí ọ̀kan tó ń ti èkejì padà, nítorí náà gbogbo ẹ̀rọ ni yóò máa gbọ̀n. Ohun tí àwọn tó ń ṣe é kò lè bá jà ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá yí ní ìlọ́po méjì, agbára ìgbọ̀n yẹn yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n fẹ 500cc di 650cc, 650cc di 750cc, písítìnì ń tóbi sí i, ìlànà àtijọ́ kò sì yí padà. Gílóòbù iná ń jó, nọ́ọ̀tì ń tú, irin tó gbé táǹkì epo ró ń sán, ọ́ìlì ń jò níbi tí ìhà méjèèjì ilé ẹ́ńjìnnì ti pàdé, nítorí wọ́n là á ní òòró láti òkè dé ìsàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì ń gbé.

Ara ènìyàn pàápàá jẹ́ apá kan nínú ẹ̀rí yìí. Ní máìlì 70, afẹ́fẹ́ tó ń lu àyà ẹni tó gun alùpùpù aláìlábò ń fà á sẹ́yìn, ọwọ́ àti ọrùn ló sì fi ń di ara rẹ̀ mú. Ìgbọ̀n hẹ́ńdùlù á jẹ́ kí ìka kú tipiri. Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti òjò á parí ìyókù. Ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá lọ́jọ́ Àìkú lè fara da èyí, nítorí ilé ló ń lọ. Ẹni tó ní iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ níwájú, tó sì ní ìrìn àbọ̀ lálẹ́, kò lè pè é ní ìgbádùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtọ́jú. Ṣéènì ẹ̀yìn ń fẹ́ ọ́ìlì àti ìfàle lóòrèkóòrè, pọ́ọ̀ńtì iná ń fẹ́ àtúnṣe, fáàfù ń fẹ́ ìwọ̀n. Ẹni tó ń rin máìlì díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ lè ṣe gbogbo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó ń rin 100 máìlì lójúmọ́ yóò máa ṣe é ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní èsì tó lágbára sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1961, Velocette Venom 500cc kan sáré fún wákàtí 24 ní pápá Montlhéry lẹ́bàá Paris, ìwọ̀n eré rẹ̀ sì lé ní máìlì 100 láàárín wákàtí kan. Ní 1969, Triumph Bonneville ló gba ipò kìíní nínú ìdíje 500 máìlì ti Thruxton. Ṣé ẹ̀rọ tí kò lágbára lè ṣe irú èyí? Rárá o. Agbára wà nínú wọn, kò sí ẹni tó yẹ kó jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n ni bí ẹ̀rọ tí ọwọ́ àwọn àgbà mẹkáníìkì tò ṣe lè pẹ́ tó ní ọjọ́ kan, tí wọ́n dúró tì í pẹ̀lú irinṣẹ́ àti táyà tuntun. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ kò ní mẹkáníìkì lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tó ń bi alùpùpù rẹ̀ ni bóyá yóò dáhùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé inú oṣù Kìíní, lẹ́yìn tó ti sùn síta nínú òjò.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé gbogbo ẹ̀yà ara alùpùpù ọ̀nà jíjìn ti wà lọ́wọ́ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kí ọ̀nà náà tó ṣí. Velocette LE ti 1948 ń lo omi láti tu ẹ́ńjìnnì lára, ó ní ṣáàfù dípò ṣéènì, síláńdà rẹ̀ méjèèjì sì dojú kọ òdìkejì ara wọn tí kò fi ń gbọ̀n. Àwọn ọlọ́pàá rà á gan-an nítorí kò pariwo, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 192cc lọ. Vincent bo Black Prince rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn ní 1954, kí aṣọ ẹni tó gùn ún má bàa dọ̀tí. Ilé iṣẹ́ náà dẹ́kun ṣíṣe alùpùpù ní 1955. Ariel Leader, iṣẹ́ ọwọ́ Val Page, jáde ní 1958 pẹ̀lú gíláàsì iwájú, ìbòrí ẹsẹ̀ àti àpótí ẹrù, àmọ́ 250cc ni. Kò sí ẹnì kan tó kó omi, ṣáàfù, ìbòrí àti ẹ́ńjìnnì ńlá tí kò gbọ̀n sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Àwọn kan ní kò sí ẹni tí ì bá rà á: Mini jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1959, owó rẹ̀ kò tó 500 pọ́n-ùn, ẹni tó ń ronú nípa òjò kàn bọ́ sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, mo sì gbà pé Mini kó ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ. Àmọ́ kò kó gbogbo wọn. Àwọn tó kù lórí ẹsẹ̀ méjì, tí wọ́n fẹ́ lọ jìnnà, ń wá ohun tí wọn yóò rà. Ohun tí ilé iṣẹ́ nílé tà fún wọn ni eré sísá.

Norton ló sún mọ́ ìdáhùn jù. Ní 1967 wọ́n gbé Commando jáde, wọ́n fi rọ́bà gbé ẹ́ńjìnnì ró kí ìgbọ̀n rẹ̀ má bàa dé ara ẹni tó gùn ún. Àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn Motor Cycle News dìbò fún un gẹ́gẹ́ bí alùpùpù ọdún fún ọdún márùn-ún tẹ̀léra, láti 1968 dé 1972. Ìdìbò yẹn jẹ́rìí sí ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́. Kí ni Norton wá ṣe? Ní 1972, wọ́n fi agbára kún ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n pè é ní Combat, bíárìn kírááńkì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ilé iṣẹ́ tó ti rí oògùn àìsàn náà tún lọ ra àìsàn mìíràn wálé nítorí ìfẹ́ eré. Ní 1973, BSA wó, ìjọba sì kó ìyókù, àti Triumph tó wà lábẹ́ rẹ̀, pọ̀ mọ́ Norton. Àwọn òṣìṣẹ́ Triumph ní Meriden ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbìyànjú títí di 1983.

Àlàyé tó gbajúmọ̀ jù fún ìṣubú yìí wà nínú ìwádìí tí ìjọba ní kí Boston Consulting Group ṣe ní 1975. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ yanturu tí àwọn ará Jàpáánì ń ṣe ló jẹ́ kí owó tó ń lọ lórí ẹyọ kan kéré, àti pé ṣe ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń sá kúrò nídìí alùpùpù kékeré lọ sídìí ńlá títí ibi tí wọn yóò sá sí fi tán. Mi ò rò pé wọ́n ṣìnà nípa owó. Ṣùgbọ́n àlàyé yìí kò lè sọ fún wa ìdí tí BMW fi là á já. Ilé iṣẹ́ kékeré ni BMW jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Honda, alùpùpù rẹ̀ sì wọ́n ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ohun tó ń tà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà tí Max Friz ti ya R32 ní 1923: písítìnì méjì tó ń lọ sí òdìkejì ara wọn, tí ìgbọ̀n ọ̀kan ń pa ti èkejì, àti ṣáàfù. Ní 1976 wọ́n fi ìbòrí kún un lára R100RS, lẹ́yìn tí wọ́n ti dán ìbòrí náà wò nínú ihò afẹ́fẹ́ ní ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì. Ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ ọ̀nà márosẹ̀ fi Triumph sílẹ̀, wọ́n sì lọ ra BMW pẹ̀lú owó gọbọi. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti owó pọ́ọ́kú nìkan, ọlọ́pàá kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Honda náà kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́jọ́ kan. CB750 rẹ̀ ti 1969 ní síláńdà mẹ́rin, písítìnì méjì ń gòkè bí méjì ti ń sọ̀. Wọ́n la ilé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ìbú kí ọ́ìlì má bàa jò, bọ́tìnì ni wọ́n fi ń ṣí i, ó sì ní bíréèkì oníàwo níwájú. Àmọ́ ṣéènì ló ń yí táyà rẹ̀, àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn sì ń já ṣéènì. Ọdún 1978 ni CX500 dé, a kò sì lè sọ pé ó lẹ́wà. Àwọn ènìyàn Lọ́ńdọ̀nù fún un lórúkọ ẹ̀gàn nítorí bí ó ṣe rí. Síláńdà rẹ̀ méjì ya síra bí ẹsẹ̀ àkàbà, omi ń tù ú, ṣáàfù ń yí i, wọ́n sì yí orí síláńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí kaburétọ̀ má bàa lu orúnkún ẹni tó gùn ún. Táyà rẹ̀ kò ní tíúbù. Àwọn dìsípáàṣì tó ń gbé ìwé láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì ń sáré dé Birmingham tàbí Bristol bí iṣẹ́ bá pè, ló kọ́kọ́ mọ iyì rẹ̀. Iye iṣẹ́ tí wọ́n bá jẹ́ ni wọ́n ń gbowó lé. Ọjọ́ tí alùpùpù bá dákú, kò sówó. Mo ka ìpinnu irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀rí tó ju ti àwọn akọ̀ròyìn tó gun alùpùpù fún ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ẹnì kan lè rán wa létí pé CX500 náà ní àbùkù, òótọ́ sì ni. Irin tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì le ń bàjẹ́ lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Honda pè wọ́n padà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ta àmì mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kí ẹni tó bá fẹ́ rà á ní àlòkù lè mọ̀ pé wọ́n ti tún un ṣe. Àmì mẹ́ta yẹn ṣe pàtàkì lójú mi, torí ẹni tó ń wá alùpùpù tí yóò gbára lé nílò ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ fún un. Nígbà tó sì di 1983, Honda VT500 àti Kawasaki GT550 jáde, ṣáàfù wà lára àwọn méjèèjì, àwọn dìsípáàṣì sì gbà wọ́n.

Àtakò kan kù tí òǹkàwé nílé lè gbé dìde. Ṣebí alùpùpù kékeré ló ń pẹ́ jù? Super Cub tí Honda bẹ̀rẹ̀ ní 1958 ṣì wà káàkiri ayé, Bajaj Boxer tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn kò sì lọ́jọ́ ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ ni, láàárín ìlú. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ́ńjìnnì 100cc ń lo gbogbo agbára rẹ̀ kó tó lè bá àwọn yòókù rìn. Kò ní ohun tó pa mọ́ fún òkè, fún afẹ́fẹ́, tàbí fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba alùpùpù tí kò tó 50cc láàyè lórí ọ̀nà yìí rárá. Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti 2012 gbé ààlà tirẹ̀ sókè jùyẹn lọ: alùpùpù tí kò bá tó 200cc kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń bínú sí òfin náà nítorí oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọlọ́kadà, ìbínú yẹn sì ní ìdí. Síbẹ̀ ní ti ẹ̀rọ nìkan, ààlà wà lóòótọ́ láàárín alùpùpù tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń ṣe làálàá.

Ní 1990 Honda gbé ST1100 jáde, táǹkì epo rẹ̀ gba lítà 28, ìbòrí àti ṣáàfù wà lára rẹ̀ látilẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gùn ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún kan náà, ní ìpàtẹ Cologne ní Jámánì, orúkọ Triumph tún yọ. John Bloor, tó ra orúkọ náà ní 1983 nígbà tí Meriden kógbá wọlé, ti kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sí Hinckley. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bonneville, orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀. Trophy 1200 ni alùpùpù àkọ́kọ́ tó tà ní 1991: síláńdà mẹ́rin, omi ń tù ú, wọ́n fi irin ìdọ́gba sínú rẹ̀ kí ó má bàa gbọ̀n, ìbòrí rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti gba òjò M1 mọ́ra.