Pópó Àgùdà ní Ìlú Èkó

Àwa ará Pira a máa rí orúkọ náà "ìjọ Àgùdà" nínú ìwé Yorùbá, ṣùgbọ́n a kì í sábà bi ara wa léèrè ta ni Àgùdà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì àti Kúbà padà wálé ni, àwọn kan sí Àjàṣẹ́ àti Wídà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn mìíràn sí Èkó, níbi tí a ti ń pe àdúgbò wọn ní Pópó Àgùdà.

Kí àlùfáà kankan tó fìdí kalẹ̀ láàárín wọn, ẹnìkan tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà, tí ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọdé, tí ó sì ń sin òkú. Kì í ṣe àlùfáà rárá! Nígbà tí Fáda Borghero dé Èkó ní ọdún 1863, ó bá ìjọ nílẹ̀.

Bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ pọ̀ níbẹ̀. Ní òpópónà Kakawa, aládùúgbò a máa ra omi kànga ní ilé da Rocha, tí a ń pè ní Ilé Omi. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, wọn a se fúrejọ̀n, ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi omi àgbọn sè, wọn a sì bu fún aládùúgbò. Bíríkìlà Àgùdà kan, João da Costa, ni ó kọ́ mọ́sáláṣí Shitta tí a ṣí ní 1894. Èyí wú wa lórí púpọ̀.

Ilé Fernandez ní Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni a wó lulẹ̀ ní 2016.