Nígbà Tí Pọ́n-ùn Nàìjíríà Ga Ju Ti Gẹ̀ẹ́sì Lọ: Ta Ló Ru Ẹrù Rẹ̀?

 

Ọ̀sẹ̀ kan kì í fẹ́ẹ̀ parí kí ẹnì kan má fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa pé láyé Awo, náírà lágbára ju owó Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bó bá ti débẹ̀, àwọn kan á máa bú ìjọba òde òní, àwọn kan á ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà ò tíì sí nígbà náà, pọ́n-ùn la ń ná. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ló sì wà nípò tó ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ìdajì ìtàn náà la máa ń sọ. Ìdajì tó kù ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí.

Nígbà tí CBN ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959, ọgbọọgba ni pọ́n-ùn Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì wà. Ẹni tó bá mú ọ̀kan lọ, ọ̀kan ló máa gbà. Dọ́là 2.80 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, wọ́n tú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n Kàlàbá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1967, Gowon fi í ṣe Kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìṣúná. Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, Dókítà Clement Isong di gómìnà CBN. Àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ owó ìlú já lé lọ́wọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń wá owó ogun kiri ni wàhálà ti dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rajà lókè òkun ju bó ṣe ń tà lọ. Kí iye pọ́n-ùn wọn má bàa já, báńkì àgbà wọn ní láti máa fi dọ́là àti góòlù ra pọ́n-ùn padà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jù ú nù. Bí àwọn olówó ayé ṣe rí i pé dọ́là yẹn ń tán lọ, ṣe ni wọ́n túbọ̀ ń jù ú nù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1967, ìjọba Harold Wilson gbà pé apá ò ká a mọ́. Wọ́n fa pọ́n-ùn wálẹ̀ láti dọ́là 2.80 sí 2.40. Sierra Leone àti Gambia fa tiwọn wálẹ̀ tẹ̀ lé e. Nàìjíríà ní òun ò ní fa tòun.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣe mọ́, pọ́n-ùn Nàìjíríà kan ti di pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kan àti ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́rin. Òbí tó ń fi pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì 70 ránṣẹ́ sọ́mọ tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, 70 ló ń kó sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá di 60. Ibẹ̀ ni ìtàn tí a ń gbé kiri ti wá.

Ṣé ìpinnu yẹn dáa? Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ọlọ́jà ṣe ń wo ọjà. Ìlú tó ń jagun ń ra ohun ìjà, ọkọ̀ àti oògùn lókè òkun. Bó bá fa owó rẹ̀ wálẹ̀, gbogbo ìyẹn á wọ́n sí i. Gbèsè tó sì ń jẹ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, owó díẹ̀ ló máa fi san án báyìí. Ohun tí a ń tà náà, ìyẹn kòkó, ẹ̀pà àti epo rọ̀bì, ọjà àgbáyé ló ń dá iye lé wọn. Pé a fa owó wa wálẹ̀ ò ní kí igi kòkó so ju bó ṣe ń so lọ́dún náà. Lójú tèmi, fún ìlú tó wà nínú ogun, ó bọ́gbọ́n mu.

Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò gbé iye owó ró. Ìjọba fi òfin de ọ̀pọ̀ ọjà òkè òkun, wọ́n sì ń ṣọ́ bí owó ṣe ń jáde nílùú. Wọ́n bu owó orí kún ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè gidi. Inú ilé níbí ni wọ́n ti yá èyí tó pọ̀ jù nínú owó ogun. Láti ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1968, wọ́n pààrọ̀ gbogbo owó bébà Nàìjíríà, nítorí owó tó wà ní àwọn ẹ̀ka CBN tó bọ́ sọ́wọ́ Biafra. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ pààrọ̀ láàárín ọjọ́ yẹn, bébà lásán ló kù sí i lọ́wọ́.

Ibí ni ìdajì ìtàn tí a kì í sọ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn tí owó àtijọ́ wà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ìlà ogun pàdánù rẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1970, ogún pọ́n-ùn péré ni wọ́n ń kà fún ẹni tó ní owó Biafra, iye yòówù kó kó wá. Ọgbẹ́ yẹn ò tíì jinná títí dòní. Kò yẹ kí àwa ọmọ Rẹ́mọ máa fi apá kan ìtàn yìí yangàn ká wá ṣe bí ẹni pé apá kejì ò sí.

Àwọn àgbẹ̀ wa náà ru tiwọn. Nígbà tí Ghana fa cedi wálẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, owó kòkó tó ń wọlé ní dọ́là wá ń di cedi tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ló ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó bá wù ú, owó orí sì ń ga sí i. Ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Kì í ṣe iye pọ́n-ùn ló fà á o. Owó orí, iye kòkó àti ìyà àwọn agbowó-orí ni. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, ni wọ́n láwọn máa san. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì fa owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì ní oṣù kẹwàá ọdún 1969. Bí owó ìlú bá ga, tí ìlú ò sì yá owó lókè òkun, àfi kí ẹnì kan nínú ilé ru ẹrù náà.

Fífa owó wálẹ̀ pàápàá lérò tirẹ̀. Busia fa cedi Ghana wálẹ̀ gan-an ní oṣù kejìlá ọdún 1971. Oṣù kan ò tíì pé tí àwọn sójà fi lé e kúrò lórí oyè.

Àwa náà dé ibẹ̀. Náírà jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, méjì fún pọ́n-ùn kan. Owó epo gbé e ga fún ọdún mélòó kan, títí epo fi já. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, dọ́là tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ lé ní náírà mẹ́rin àtààbọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, ó fò láti bíi ₦470 sí iye tó lé ní ₦660. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ mú ₦100 tí àwòrán Awo wà lára rẹ̀ wò. Nígbà tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1999, ó tó dọ́là kan. Bí dọ́là bá wà ní ₦1,500, kò tó sẹ́ńtì méje.

Obì wa ní Ṣàgámù ò kọjá òkun, òkè Ọya ló ń lọ. Síbẹ̀ dọ́là ń bá a débẹ̀, torí táyà ọkọ̀ tó ń gbé e, dọ́là la fi ń rà á. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ká gbé náírà ga tàbí ká fà á wálẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ká bi í: Kí ni a ń tà? Kí ni a ń rà? Ta ló máa ru ẹrù rẹ̀?

Ó kan owó tí a ń dá nílé náà. Iṣẹ́ tí èròjà rẹ̀ ń ti òkè òkun wá, bíi ẹ̀rọ omi àti iná sólà, ẹ jẹ́ ká máa ra èròjà yẹn ní kété tówó bá wọlé. Bí owó bá jókòó sí báńkì fún ọdún kan, ọjà lè ti fò kọjá rẹ̀.

Ìkẹyìn, mo bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tò láti pààrọ̀ owó ní oṣù kìíní ọdún 1968, ẹ̀yin tí bàbá yín san owó orí yẹn, ẹ fi voice note ránṣẹ́ sí wa. Ohùn yín ò sí nínú ìwé tí wọ́n ń kọ́ wa ní yunifásítì. A fẹ́ kó o jọ nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà láàárín wa. Ẹ ó pẹ́ fún wa o.

Rẹ́mọ á máa gòkè sí i. Àṣẹ.