Àwọn Òǹtẹ̀wé Ṣómólú: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa nínú Ìsìláàmù, ẹni tó bá ti Ṣómólú rìn dé Bàrígà yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ojúlé dé ojúlé. Kí ló mú wọn pẹ́ tó báyìí?

Nígbà tí ètò SAP dé ní ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, ọwọ́ wọn kò tó ẹ̀rọ tuntun mọ́. Wọn kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ra tòkunbọ̀, wọ́n sì pín iṣẹ́: ẹnìkan ń ṣe pléètì, èkejì ń tẹ̀, ẹ̀kẹta ń gé bébà, ẹ̀kẹrin ń di ìwé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn tí ń to lẹ́tà lọ kọ́ ọ. Náírà tún wó ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bébà wọ́n gógó, síbẹ̀ ẹ̀rọ kò dákẹ́.

Àwa tí a ń gbé ìwé Lárúbáwá lọ tẹ̀ níbẹ̀ mọ àṣírí wọn: àmánà ni. Bí ẹnìkan bá jẹ owó iṣẹ́, ẹni mẹ́ta yòókù kò níṣẹ́ ṣe. Ẹ kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ àmánà mọ́ ọn. Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní olóòótọ́. Àmín.